Ṣé ó tọ́ ká máa fi agbára ṣí ẹ̀dọ̀fóró tó ti lẹ̀ mọ́ra? Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru àná ní ICU wa

Àdùkẹ́ Aṣọ́ru | Ọjọ́ Àìkú, 7:10 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ òru sílẹ̀ ni. Inú bọ́ọ̀sì lórí Third Mainland ni mo ti ń kọ èyí, oorun ò sì kùn mí rárá. Nọ́ọ̀sì ICU, ẹ̀ka tí a ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ni mí ní ilé ìwòsàn kan ní Erékùṣù Èkó, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Mo sì ti yí nǹkan díẹ̀ padà nípa aláìsàn yìí kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀.

Ìyá kan ni, wọ́n ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Òtútù àyà ló gbé wọn wá, ó sì ti di ARDS: ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì ti wú, omi ti kún inú àwọn àpò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Ọjọ́ kejì wọn rèé lórí fẹntilétọ̀, ẹ̀rọ tó ń bá wọn mí. Ní nǹkan bí aago méjì òru, ọ́síjìn ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í já: 91, 88, 84. Ọ́síjìn ẹ̀rọ ti wà ní 100 nínú ọgọ́rùn-ún. PEEP, ìyẹn agbára afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń fi sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn èémí kọ̀ọ̀kan kó má baà pa dé, wà ní 10. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ká "recruit" wọn, ìyẹn ká fi agbára afẹ́fẹ́ ṣí ibi tó ti pa dé nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ó gbé agbára afẹ́fẹ́ dé 40, ó ní kí n máa wo aago títí yóò fi pé ogójì ìṣẹ́jú àáyá.

Mo ń kà á. Ní 15, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn tó wà ní 112 ti di 90. Ní 25, ó ti di 68. Mo pariwo, ó dá a dúró. Ọ́síjìn gòkè sí 93, inú gbogbo wa dùn. Kò tó wákàtí kan tó fi padà sí 85. Ó fẹ́ tún un ṣe, mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká kọ́kọ́ pe ọ̀gá. A bẹ̀rẹ̀ noradrenaline, oògùn tó ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ró, fún wọn, a sì ń wò wọ́n títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé mo kọjá àyè mi ni? Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ni pé ẹ̀dọ̀fóró tó bá pa dé, ṣíṣí ni ká ṣí i.

Akunilóorun Èbúté Mẹ́ta | Ọjọ́ Àìkú, 9:34 àárọ̀

Àdùkẹ́ ọmọ mi, o kú iṣẹ́ òru. O ò kọjá àyè rẹ. Igbe tó o ké yẹn ló gba ìyá yẹn.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe yé mi. Bó o bá dé Balógun, wo obìnrin tó ń ta aṣọ ọmọdé nígbà tó bá fẹ́ kó ọjà sínú ọ̀rá tuntun. Ẹnu ọ̀rá náà ti lẹ̀ pọ̀ pinpin. Á fi ìka méjì ra á, á wá fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀kan, fùú! Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló le. Bó bá ti là, atẹ́gùn díẹ̀ ti tó láti má jẹ́ kó pa dé mọ́. Bí àwọn àpò inú ẹ̀dọ̀fóró ṣe rí nìyẹn. Agbára tó ń ṣí wọn pọ̀ ju agbára tó ń mú wọn dúró ní ṣíṣí lọ. Lórí èyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ recruitment dúró lé. Ní 1992, Burkhard Lachmann kọ ọ́ pé ká ṣí ẹ̀dọ̀fóró, ká sì jẹ́ kó wà ní ṣíṣí. Nígbà tí èmi wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, a mọ ọ̀rọ̀ yẹn lórí bí ẹní mọ ìwúre.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró ìyá yẹn kì í ṣe ọ̀rá kan ṣoṣo. Odindi ìdì ọ̀rá ni. Òmíràn lẹ̀ lásán, yóò là. Òmíràn kún fún omi àti ọyún, kò sí atẹ́gùn tó máa là á lónìí. Àwọn kan sì wà tí nǹkan kan ò tíì ṣe, tí wọ́n ti là tẹ́lẹ̀. Bó o bá fẹ́ 40 sí gbogbo wọn lápapọ̀, ibi tó rọrùn ni atẹ́gùn ń gbà: àwọn tó ti là tẹ́lẹ̀ ni yóò gba èyí tó pọ̀ jù, wọ́n á nà títí wọ́n á fi bàjẹ́. Luciano Gattinoni ló ń pe apá tó ṣẹ́ kù yẹn ní ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé. Àgbàlagbà lo rí lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ibi tó ṣì ń gba afẹ́fẹ́ nínú àyà rẹ̀ lè má ju ti ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ.

Ìfúnpá tó já kò ṣàjèjì. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ẹsẹ̀ àti ikùn bọ̀ kò rí ọ̀nà wọ ọkàn nígbà tí àyà bá kún fún agbára bẹ́ẹ̀, apá ọ̀tún ọkàn náà ò sì rí ẹ̀jẹ̀ tì lọ síwájú.

Ní 2017 ni ìwádìí ART jáde, àwọn dókítà Brazil ló ṣáájú rẹ̀. Aláìsàn 1,010 nínú ICU 120, ní orílẹ̀-èdè 9. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n fi agbára ńlá ṣí ẹ̀dọ̀fóró wọn, 55.3 kú kó tó pé ọjọ́ 28. Nínú àwọn tí wọ́n rọra ṣe fún, 49.3. Ọkàn àwọn kan dá dúró níbi tí wọ́n ti ń ṣe é lọ́wọ́, wọ́n ní láti dín agbára náà kù kí ìwádìí tó parí. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, mi ò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Dókítà Yábà | Ọjọ́ Àìkú, 12:20 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi, Bàbá. Mo fẹ́ gbèjà dókítà yẹn díẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí èmi náà ti ṣe ohun tó ṣe.

Ibì kan ni 40 fún ogójì ìṣẹ́jú àáyá ti wá. Ní 1998, Marcelo Amato àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí aláìsàn 53, wọ́n sì ń lo 35 sí 40 fún ogójì ìṣẹ́jú àáyá gẹ́gẹ́ bí ara ìtọ́jú. Àwọn tó gba ìtọ́jú tuntun náà yè ju àwọn yòókù lọ gan-an. Gbogbo wa wá di recruitment mú. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà nínú ìtọ́jú yẹn tí a ò kà sí tó: wọ́n dín ìwọ̀n èémí tí ẹ̀rọ ń fún aláìsàn kù. Nígbà tí àwọn olùwádìí ARDSNet ní Amẹ́ríkà wá dán ìyẹn nìkan wò ní 2000, fún aláìsàn 861, mílílítà 6 fún kílò kọ̀ọ̀kan dípò 12, ikú já láti 39.8 sí 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí pé wọ́n ń fẹ́ ẹnikẹ́ni sí 40.

Lójú tèmi, èémí kékeré ló ṣiṣẹ́, recruitment ló gba ọpẹ́.

Bàbá, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká dà á nù pátápátá o. Ẹ̀yin fúnra yín ń ṣe é ní tíátà.

Akunilóorun Èbúté Mẹ́ta | Ọjọ́ Àìkú, 1:05 ọ̀sán

Mò ń ṣe é, mi ò sì ní í jáwọ́. Ẹni tí mo kùn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dá ṣáṣá tẹ́lẹ̀. Oorun yẹn àti sísùn gbalaja ló jẹ́ kí apá ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀, pàápàá ẹni tó bá sanra. Ọ̀rá tuntun nìyẹn. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ti tó, á là, màá sì fi PEEP tì í lẹ́yìn. ARDS ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣègùn ICU ilẹ̀ Yúróòpù ti sọ ọ́ ní 2023: 35 sókè fún ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ká má ṣe é fún ARDS. Wọ́n ní ká má fi ti kúkúrú náà ṣe àṣà.

Àdùkẹ́, ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn mi láti àárọ̀. Báwo ni ìyá náà ṣe ga tó? Mílílítà mélòó ni ẹ ń fún wọn nínú èémí kọ̀ọ̀kan?

Àdùkẹ́ Aṣọ́ru | Ọjọ́ Àìkú, 1:40 ọ̀sán

480 ni mo rí lójú ẹ̀rọ, Bàbá. Gíga wọn kò sí nínú fáìlì. Kílò 80 ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Akunilóorun Èbúté Mẹ́ta | Ọjọ́ Àìkú, 1:43 ọ̀sán

80 lọ́nà 6 ni 480. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi, ẹ̀dọ̀fóró kì í sanra. Ẹni tó bá jẹun yó fún ogún ọdún, ikùn àti ìbàdí rẹ̀ ló ń tóbi, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wà bó ṣe wà. Gíga la fi ń ṣírò rẹ̀. Bó o bá padà lálẹ́, wọ̀n wọ́n.

Físíò Súrùlérè | Ọjọ́ Àìkú, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìjíròrò o. Kò tíì sẹ́ni tó bi Àdùkẹ́ pé ṣé wọ́n ti dá ìyá náà dojú bolẹ̀? Recruitment tí kì í bá ọkàn jà nìyẹn.

Ẹ wo bí ara ṣe rí. Bí aláìsàn bá nà gbalaja, ọkàn ń tẹ ẹ̀dọ̀fóró, ikùn ń tì í láti ìsàlẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró tó kún fún omi sì ń fi ìwúwo ara rẹ̀ tẹ apá ẹ̀yìn pa, bí aṣọ tútù nínú báfù, èyí tó wà nísàlẹ̀ ló ń rún jù. Apá ẹ̀yìn yẹn ló tóbi jù, ibẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ ń lọ jù. Bí a bá yí wọn, ọkàn á sún síwájú, ẹ̀yìn á rí àyè là. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ.

Ní 2013, ìwádìí PROSEVA tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Faransé àti Sípéènì, aláìsàn 466, ó kéré tán wákàtí 16 ní ìdojúbolẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ikú láàárín ọjọ́ 28 já sí 16 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tó jẹ́ 32.8 fún àwọn tó sùn gbalaja. Mi ò mọ oògùn kan tó ṣe irú èyí fún ARDS.

Káyọ̀dé Ọ̀yìngbò | Ọjọ́ Àìkú, 9:48 alẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi, èmi kì í ṣe oníṣègùn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló wà ní ICU ní Mainland. Lánàá tí wọ́n jẹ́ ká yọjú wò ó, wọ́n ti dà á dé, ojú rẹ̀ wú bí ẹni tí agbọ́n ta. Ìyá wa subú lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn ti rí ohun tí wọ́n ń fi pamọ́, pé kò sẹ́ni tó ń da èèyàn dé bó bá ṣì wà láàyè. Títí di báyìí wọn ò tíì jẹun. Nígbà tí mo wá ka ohun tí ẹ kọ yìí, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ṣé ohun tí wọ́n ń ṣe fún un nìyẹn?

Físíò Súrùlérè | Ọjọ́ Àìkú, 10:02 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bọ̀dá mi. Ó dà bẹ́ẹ̀, ohun tó sì dára ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí ẹ lè sọ ọ́ fún Màmá.

Èèyàn márùn-ún, ó kéré tán, ló yí ẹ̀gbọ́n yín. Ẹnì kan dúró níbi orí, òun nìkan ló mú túùbù ẹnu rẹ̀, òun ló sì ń kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Méjì wà lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Wọ́n ti fi ìrọ̀rí sábẹ́ àyà àti ìbàdí kí ikùn lè ráyè, wọ́n ti pa ojú rẹ̀ dé kí ó má baà gbẹ. Ní wákàtí díẹ̀ díẹ̀ wọ́n á yí orí rẹ̀ sí apá kejì. Ojú tó wú, omi tó ṣàn wálẹ̀ ni, á lọ bí wọ́n bá dá a padà. Ẹ sọ fún Màmá pé iṣẹ́ ńlá ni, wọn kì í ṣe é fún ẹni tí wọ́n ti sọ̀rètí nù lórí rẹ̀. Ẹ sì ní kí dókítà jókòó bá wọn sọ ọ́ lédè Yorùbá. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́ kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn fún yín.

Káyọ̀dé Ọ̀yìngbò | Ọjọ́ Àìkú, 10:31 alẹ́

Mo ka gbogbo rẹ̀ sí wọn létí. Wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n ti mu ẹ̀kọ díẹ̀. Olúwa á bá mi san án fún yín.

Àdùkẹ́ Aṣọ́ru | Ọjọ́ Ajé, 5:20 òwúrọ̀

Mo yá téèpù lọ́wọ́ ìyá télọ̀ ilé wa kí n tó wá sẹ́nu iṣẹ́. A tẹ́ bẹ́ẹ̀dì gbalaja, mo wọ̀n wọ́n láti àtàrí dé gìgísẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 158.

Dókítà Yábà | Ọjọ́ Ajé, 5:58 òwúrọ̀

Ìwúwo tí a ń fi gíga ṣírò fún obìnrin: 45.5, kí o fi 0.91 lọ́nà ohun tí gíga fi ju 152.4 lọ kún un. 158 fi 5.6 jù ú lọ. Kílò 50.6 ni. Lọ́nà 6, ó lé díẹ̀ ní 300. 480 tí wọ́n ń gbà yẹn, ó súnmọ́ mílílítà 10 fún kílò kan. Plateau, ìyẹn agbára afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí èémí bá wọlé tán, ńkọ́?

Àdùkẹ́ Aṣọ́ru | Ọjọ́ Ajé, 6:40 àárọ̀

34 ni, sà. Mo fi ìṣírò yẹn han ọ̀gá dókítà tó wá yẹ àwọn aláìsàn wò. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n fi téèpù náà han àwọn. Wọ́n fọwọ́ ara wọn yí i sí 300, wọ́n gbé iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń mí ní ìṣẹ́jú kan láti 18 sí 28 kí CO2 má baà pọ̀ jù. Plateau já sí 25 lójú mi. Ìfúnpá wọn gòkè láìjẹ́ pé a fi kún noradrenaline. Dókítà alẹ́ ọjọ́ Sátidé náà wà níbẹ̀. Ó wá bá mi lẹ́yìn, ó ní, "Sísítà, ẹ ṣeun."

Làmídì Aṣèrọ | Ọjọ́ Ajé, 11:15 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ni mò ń tún ṣe, mo sì ní ohun tí mo fẹ́ sọ nípa bí ẹ̀dọ̀fóró tó là ṣe ń padà lẹ̀.

Ibì kan wà tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Bátìrì fẹntilétọ̀ kan ti kú, a ti kọ̀wé nípa rẹ̀, wọn ò rà á. Iná lọ lóru ọjọ́ kan. Kí jẹnẹrétọ̀ tó gbé, ẹ̀rọ ti dákẹ́. Nọ́ọ̀sì ṣe ohun tó yẹ, ó já túùbù, ó fi Ambu, àpò atẹ́gùn tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fún aláìsàn ní atẹ́gùn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré. Ṣùgbọ́n Ambu náà kò ní fáàfù PEEP lẹ́nu. Nígbà tí a fi dá a padà sórí ẹ̀rọ, ọ́síjìn tó wà ní 94 ti di 79, ọ̀sán ọjọ́ kejì ló tó gòkè padà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló jẹ ohun tí wọ́n fi ọjọ́ méjì kó jọ.

Torí náà, kí fáàfù PEEP wà lẹ́nu Ambu gbogbo bẹ́ẹ̀dì. Ohun kékeré báyìí ni, ó wọ inú àtẹ́lẹwọ́. Kí ẹ máa fi suction tó wà nínú túùbù fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láìjá nǹkan kan. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ já a láti gbé aláìsàn láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn, ẹ kọ́kọ́ fi clamp di túùbù nígbà tí afẹ́fẹ́ wà nínú àyà, ẹ fi góòsì wé ẹnu clamp kó má baà gé e, ẹ so ó, ẹ sì tú u lójú ẹsẹ̀. Fún ẹni tí oògùn ti mú sùn wọra tí kò dá mí fúnra rẹ̀ nìyẹn o. Àwọn tó ń fi áńbúláǹsì gbé aláìsàn láti Erékùṣù lọ sí Mainland nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àwọn ló nílò èyí jù.

Akunilóorun Èbúté Mẹ́ta | Ọjọ́ Ajé, 8:20 alẹ́

Làmídì, Ọlọ́run bù kún ẹ.

Àdùkẹ́, bí ọ̀gá yín bá fẹ́ mọ̀ bóyá PEEP gíga máa ṣe ìyá náà láǹfààní, ẹ má ṣe fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ gbé PEEP sí 15 fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ojú yín wà lára ìfúnpá. Ẹ wá dín iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń mí ní ìṣẹ́jú kan kù sí nǹkan bí 8, kí ẹ já PEEP wálẹ̀ sí 5 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ka iye tó jáde nínú èémí àkọ́kọ́ yẹn, kí ẹ wá ka plateau lórí 5. Ẹ fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́, ká jọ ṣírò rẹ̀.

Àdùkẹ́ Aṣọ́ru | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:50 àárọ̀

A ti ṣe é, Bàbá. Èémí tí ẹ̀rọ fún wọn jẹ́ 300. Èyí tó jáde nígbà tí a já a wálẹ̀ jẹ́ 560. Plateau lórí 5 jẹ́ 20.

Akunilóorun Èbúté Mẹ́ta | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:30 àárọ̀

Ó dára. Lórí PEEP 5, agbára 15 ló gba 300 wọlé, ìyẹn mílílítà 20 fún ẹyọ agbára kan. A fi 10 já PEEP wálẹ̀, láti 15 sí 5, nítorí náà apá tó ti là tẹ́lẹ̀ nìkan yóò tú 200 jáde. Ohun tó jáde fi 260 ju èémí tí ẹ̀rọ fún wọn lọ. Yọ 200 kúrò, ó ku 60. 60 yẹn ni ibi tí PEEP 15 ṣí fún wa. Pín in sí 10, ó di 6. Gbé 6 sórí 20: 0.3.

Bó bá jẹ́ 0.5 sókè, mi ò bá ní kí ẹ gbé PEEP ga. 0.3 ń sọ pé ohun tó ń là kò tó nǹkan, àwọn tó ti là ló ń nà. Ẹ fi PEEP sílẹ̀ ní 10. Àwọn ọ̀rá tó kún fún ọyún yẹn, òògùn àti àsìkò ló máa tọ́jú wọn. Ẹ gbọ́ ti Físíò, ẹ yí wọn.

Àdùkẹ́ Aṣọ́ru | Ọjọ́rú, 6:15 àárọ̀

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àná la yí wọn. Èmi ni mo dúró níbi orí, èmi ni mo kà á. Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, kò sí ohun tó yí padà, ọkàn mi ń lù kìkì. Nígbà tó di aago mẹ́fà, 90. Aago mẹ́jọ, 93. Ní ọ̀gànjọ́, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín ọ́síjìn ẹ̀rọ kù: 90, 80, 70. Bí mo ṣe ń kọ èyí, 60 ni, ọ́síjìn ara wọn jẹ́ 94. A ti dín noradrenaline kù sí ìdajì. Ojú wọn wú díẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin wá lálẹ́, mo ti sọ fún un ní ìta kó tó wọlé, kò bẹ̀rù.

A ó dá wọn padà ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, a ó sì tún yí wọn lálẹ́.

Bọ̀dá Làmídì, bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà la ní, mo ti yẹ Ambu gbogbo wọn wò. Méjì péré ló ní fáàfù.

Làmídì Aṣèrọ | Ọjọ́rú, 6:31 àárọ̀

Mo ní mẹ́rin nílé. Ṣé ẹ máa gba CMS kọjá?

Àdùkẹ́ Aṣọ́ru | Ọjọ́rú, 6:33 àárọ̀

Mo máa wà ní ibùdókọ̀ níbẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí n tó wọlé.